Ìbéèrè Yín: Wọ́n ní kí n wá jókòó sí bọ́ọ̀dù àjọ ọmọ òrukàn

Ọ̀rọ̀ kan náà ló pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó wà nílùú òyìnbó ń dá àjọ aláàánú kéékèèké sílẹ̀ láti máa ran àwọn ọ̀dọ́ tí òbí wọn ti kú lọ́wọ́ ní Abẹ́òkúta àti àyíká rẹ̀, wọ́n sì ń ké sí àwọn tó wà nílé pé kí wọ́n wá ṣe ọmọ bọ́ọ̀dù. A ṣa díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà jọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan ní London fẹ́ fi orúkọ mi sí bọ́ọ̀dù àjọ rẹ̀. Ó ní kò sí wàhálà kankan níbẹ̀, pé nọ́ńbà NIN mi, fọ́tò pélébé àti ìbuwọ́lùwé mi nìkan ni òun nílò. Ṣé kí n fún un? (Ìyá Olùkọ́, Ìbarà)

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì fún un, mà. "Kò sí wàhálà níbẹ̀" tó sọ yẹn gan-an ló yẹ kó mú yín wádìí ọ̀rọ̀. Òfin CAMA ọdún 2020 (òfin iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́) ló ń darí irú àjọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Àwọn tí wọ́n ń pè ní trustee, ìyẹn àwọn alábòójútó tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àjọ, ni òfin náà sọ di ara kan ṣoṣo tó lè ra ilẹ̀, tó lè pe ẹlòmíì lẹ́jọ́, tí wọ́n sì lè pè lẹ́jọ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ti wà lọ́dọ̀ CAC (iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti àjọ sílẹ̀) kò lè wá sọ lẹ́yìn ọ̀la pé orúkọ lásán lòun yá wọn. A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbé adìẹ.

Ẹ ní kó kọ́kọ́ fi nǹkan márùn-ún ránṣẹ́. Ìwé òfin àjọ náà ni àkọ́kọ́. Ẹ kà á dé ìparí, pàápàá ibi tó sọ iye ọdún tí ọmọ bọ́ọ̀dù máa lò àti bí wọ́n ṣe ń yọ èèyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà CAC wọn. Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín wá orúkọ àjọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC láìsan kọ́bọ̀. Bí ẹ bá rí INACTIVE lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, àbọ̀ ọdọọdún tó yẹ kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ ni wọn ò fi ránṣẹ́. Kó tún fi sítétímẹ́ǹtì báńkì oṣù méjìlá sẹ́yìn ránṣẹ́, àti mínítì ìpàdé mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ìkarùn-ún ni àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́: ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kọ́, iye tó ń ná wọn, ìgbà tó máa parí. Wọ́n lè fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ àwọn ọmọ náà ná, kò burú. Bí àjọ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì ní sítétímẹ́ǹtì, ẹ béèrè ìṣirò owó ọdún àkọ́kọ́ àti ibi tí owó náà ti ń bọ̀.

Bí wọ́n bá ti forúkọ sílẹ̀ ní London, wọ́n á ní nọ́ńbà lọ́dọ̀ Charity Commission, èyí tó ń bójú tó àjọ aláàánú ní England àti Wales. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà sórí ìwé orúkọ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó rí orúkọ àwọn trustee, owó tó wọlé àti èyí tó jáde, ẹ ó sì rí i bí ìwé wọn bá pẹ́ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ti Amẹ́ríkà, Form 990, ìwé ìṣirò ọdọọdún tí àjọ aláàánú ń fi ránṣẹ́ síbi owó orí, ni kí ẹ béèrè. Gbogbo èèyàn ló láṣẹ láti rí i.

Ẹ rántí ọ̀nà àbájáde pẹ̀lú. Àwọn kan ti kọ lẹ́tà pé àwọn fiṣẹ́ sílẹ̀, síbẹ̀ orúkọ wọn ṣì wà lọ́dọ̀ CAC lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, nítorí kò sẹ́ni tó lọ yí i padà. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé buwọ́ lu ẹ̀dà lẹ́tà yín pé òun ti gbà á, kí ẹ sì máa bi wọ́n léèrè títí orúkọ náà á fi kúrò.

ÌBÉÈRÈ: Èèyàn mélòó ló yẹ kó wà ní bọ́ọ̀dù? Alága wa fẹ́ fi àwọn mẹ́ta tó dáwó jù lọ́dún tó kọjá síbẹ̀, kí a lè fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. (Akọ̀wé àjọ kan, Òkè-Ìlèwó)

ÌDÁHÙN: CAC ní kí trustee má dín ní méjì. Méjì kéré jù. Bí ọ̀kan bá rìnrìn àjò, iṣẹ́ dúró. Bí àwọn méjèèjì bá jà, àjọ tú. Márùn-ún tàbí méje la fara mọ́ fún àjọ tó ń tọ́jú ọgbọ̀n ọ̀dọ́ tàbí kó dín. Tó bá ti kọjá mẹ́sàn-án, kíkó wọn jọ fún ìpàdé á di iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ kọ iye tó gbọ́dọ̀ pé kí ìpàdé tó lè fẹnu kò sínú ìwé òfin yín: mẹ́ta nínú márùn-ún, mẹ́rin nínú méje, kí ó kéré tán méjì nínú wọn jẹ́ ẹni tó ń gbé ní Abẹ́òkúta, tó lè gun màrúwá lọ wo ọmọ.

Àwọn tó dáwó ńkọ́? Ẹ fi wọ́n jẹ bàbá ìsàlẹ̀ àti ìyá ìsàlẹ̀. Ẹ fún wọn ní lẹ́tà ọpẹ́ tó dáa, ẹ gbé wọn sí ìjókòó iwájú lọ́jọ́ àyẹyẹ, ẹ máa fi àbọ̀ ránṣẹ́ sí wọn lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹ má fún wọn ní ìbò. Ẹni tó ń dáwó tó tún ń yan ọmọ tó máa jẹ owó náà kì í pẹ́ mú ọmọ àbúrò ìyàwó rẹ̀ wá, kò sì ní sẹ́ni tó máa lè sọ pé ó tì nínú ẹ̀yin tó kù.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ fi wá èèyàn. Ẹ nílò ẹnì kan tó lè ka ìwé owó; kò pọn dandan kó jẹ́ akáńtáǹtì, akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ nílò olùkọ́ kan, àti nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kan. Ẹ tún wá ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ló máa kọ́ṣẹ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù kì í ní ni ẹni tó dàgbà láìní òbí fúnra rẹ̀, tó ti wá lé lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Òun ló máa sọ fún yín pé aṣọ iléèwé tuntun tí ẹ rà ní oṣù kẹsàn-án kò dá ọmọ tí kò ní owó ọkọ̀ dúró sí kíláàsì.

Òfin kò fàyè gba ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18, ẹni tí kóòtù sọ pé orí rẹ̀ kò pé, ẹni tó wọko gbèsè tí kò tíì bọ́, àti ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi jìbìtì láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Kò lòdì sí tọkọtaya. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí tọkọtaya jọ máa buwọ́ lu ìwé owó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún ni owó ń wá láti London. Báwo la ṣe lè ná an tí kò fi ní dẹ̀sùn? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń kọ́ṣẹ́ ni, ọ̀gá wọn kì í sì í fúnni ní rìsíìtì. (Akápò tuntun, Láfẹnwá)

ÌDÁHÙN: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àkáǹtì. Orúkọ àjọ ló gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Báńkì máa béèrè ìwé ẹ̀rí CAC, ìwé òfin àjọ, nọ́ńbà owó orí, ìwé SCUML (ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ àwọn tó ń fọ owó ìdọ̀tí mọ́), àti ìpinnu bọ́ọ̀dù tó dárúkọ àwọn tó máa buwọ́ lùwé. Ó máa ń gba àsìkò, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé kí owó gba àkáǹtì akápò kọjá "fún ìgbà díẹ̀ ná". Ìgbà díẹ̀ yẹn ló ń ba nǹkan jẹ́. Owó àjọ á wọnú owó onílé, akápò fúnra rẹ̀ kò ní mọ èwo ni tirẹ̀ mọ́. Bí akápò bá sì kú, báńkì á ti àkáǹtì náà pa títí àwọn ẹbí rẹ̀ á fi gba ìwé kóòtù, owó iléèwé táàmù yẹn sì nìyẹn.

Ẹ yan ẹni mẹ́ta, kí méjì nínú wọn máa buwọ́ lù ú nígbàkúùgbà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ṣẹ́ẹ̀kì òfìfo torí pé ó ń lọ sí Mẹ́kà tàbí Jerúsálẹ́mù. Bákan náà ni lórí fóònù: kí ẹnì kan tẹ owó, kí ẹlòmíì fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fi PIN rẹ̀ lé ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ti sọ ìbuwọ́lù méjì di ọ̀kan.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ṣíṣẹ́ owó ṣeré. Ìwé London á kọ pọ́n-ùn, tiyín á kọ náírà. Bí ẹ kò bá kọ iye tí wọ́n ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà gan-an, ìwé méjèèjì kò ní bára mu lópin ọdún, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ni wọ́n sì máa pè lólè. Ká fi 2,000 pọ́n-ùn ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n yọ 15 fún owó ìfiránṣẹ́, ó ku 1,985. Tí pọ́n-ùn kan bá jẹ́ 2,000 náírà lọ́jọ́ náà, 3,970,000 ló gbọ́dọ̀ bọ́ sí àkáǹtì. Bó bá jẹ́ 3,960,000 lẹ bá níbẹ̀, ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ wá 10,000 tó kù, ẹ má dúró de oṣù kejìlá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀gá tí kì í fúnni ní rìsíìtì. Ká ní ọmọbìnrin kan ń kọ́ àdìrẹ ní Ìtòkú. Kó tó wọ ibi iṣẹ́, ẹ kọ àdéhùn ojú ìwé kan: oṣù mélòó ló máa lò, èló ni owó ìkọ́ṣẹ́, ìgbà mélòó lẹ máa san án, ta ló máa ra irinṣẹ́, ta ló máa gbé fíríìdọ́mù. Ọ̀gá, ọmọ, alágbàtọ́ rẹ̀ àti ẹnì kan láti bọ́ọ̀dù á buwọ́ lu ẹ̀dà méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni kí ẹ pín owó náà sí: ìdá àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìdá kejì ní agbedeméjì lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ wò ó lẹ́nu iṣẹ́, ìyókù lọ́jọ́ fíríìdọ́mù. Bí ẹ bá san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀gá lè sọ ọmọ di ẹni tó ń pọn omi tó ń gbé ọmọ pọ̀n. Bí ẹ bá sì fa gbogbo rẹ̀ di ìparí, ọ̀gá á fi ojú àwo aró pa mọ́ fún un, kò ní fi hàn án bí wọ́n ṣe ń pò ó.

Ẹ ra irinṣẹ́ fúnra yín, ẹ má fún ọmọ lówó irinṣẹ́. Kọ́sítíìkì sódà àti haidirọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń pò aró òde òní. Kọ́sítíìkì máa ń bó ọwọ́, èéfín haidirọ́ọ̀sì sì máa ń gún èèyàn nímú títí dé àyà. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé ìgúnpá, bàtà òjò, épúrọ́ọ̀nù àti ìbomú ni nǹkan àkọ́kọ́ tó yẹ kó wà nínú ìwé yín, kí ẹ sì ṣírò rẹ̀ pé ìbọ̀wọ́ kì í pẹ́ ya, ẹ fi owó rẹ̀ sí oṣù méjì-méjì. Ọmọ tí wọ́n fún ní owó ìbọ̀wọ́ tó wá fi jẹun kò jalè. Ebi ló ń pa á, ìyẹn sì ti fi hàn yín pé ìwé yín kò ní owó oúnjẹ nínú.

Fíríìdọ́mù ni bọ́ọ̀dù máa ń gbàgbé jù. Owó ẹgbẹ́ oníṣẹ́ wà níbẹ̀, sátífíkéètì, kéèkì, mínírà, aṣọ. Bí kò bá sí i, ọmọ tó ti mọ iṣẹ́ tán á máa sin ọ̀gá lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan sí i. Ẹ fi í sí ìṣirò láti ọjọ́ kìíní, pẹ̀lú owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: dúrọ́ọ̀mù méjì, sítóòfù, àti aṣọ funfun tó tó bẹ̀rẹ̀.

Fún rìsíìtì, ẹ ṣe fọ́ọ̀mù tiyín. Ọjọ́, iye owó ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, nọ́ńbà ọmọ, ohun tí owó wà fún, ìbuwọ́lù ọ̀gá tàbí ìtẹ̀ka rẹ̀, ìbuwọ́lù ọmọ náà. Ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọ̀gá kí báńkì náà jẹ́ ẹlẹ́rìí. Àwọn tó wà ní FUNAAB tàbí MAPOLY, ìwé owó tí ọmọ fà jáde lórí pọ́tà iléèwé ni kí ẹ san lé lórí. Kò gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá.

Ẹ fi owó táàmù kan pamọ́ tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn. Àwọn tó ń dáwó lókè òkun máa ń pàdánù iṣẹ́ bí àwa náà ni. Ẹ má sì gba ọmọ tuntun títí ẹ ó fi mọ ibi tí owó ọdún ìkẹyìn rẹ̀ ti máa wá. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí ẹ já sílẹ̀ ní SS3 burú ju ti ọmọ tí ẹ kò gbà rárá lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a lè máa san owó ìjókòó fún ọmọ bọ́ọ̀dù? (Alága, Kútọ̀)

ÌDÁHÙN: Rárá, sà. CAMA sọ pé ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí àjọ kò gbọ́dọ̀ gba ipò tí wọ́n ń san owó oṣù tàbí owó iṣẹ́ fún nínú àjọ náà. Wọ́n lè dá owó tó bá ná láti àpò ara rẹ̀ fún iṣẹ́ àjọ padà fún un. Ní England náà, ọ̀fẹ́ ni trustee ń ṣe é, àfi tí ìwé òfin àjọ tàbí àṣẹ bá gba ohun mìíràn láàyè. Ọlọ́kadà kì í fúnni ní rìsíìtì, nítorí náà ẹ ṣe ìwé kékeré kan: ibi tó ti gbéra, ibi tó lọ, ọmọ tó lọ wò, iye tó san. Ẹ fẹnu kò lórí iye ọkọ̀ láti Pańṣẹ́kẹ́ dé Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ á tán.

ÌBÉÈRÈ: Ta ni òrukàn gan-an? Àwọn kan ní bọ́ọ̀dù wa ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé kì í ṣe òrukàn. Ọjọ́ orí wo ló sì yẹ ká dáwọ́ dúró? (Pásítọ̀ kan, Ọ̀bàńtokò)

ÌDÁHÙN: UNICEF ka ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ tàbí àwọn méjèèjì ti kú, sí òrukàn. Ẹ kọ èyí tí ẹ bá yàn sílẹ̀ kí orúkọ ọmọ kankan tó dé iwájú yín. Bí ẹ bá dúró de ìgbà tí ọmọ ẹnì kan tí ẹ mọ̀ bá wà nílẹ̀, ìjà lẹ máa jà.

Lójú tiwa, ikú òbí nìkan kọ́ ni òṣùwọ̀n. Ẹnì kan lè pàdánù bàbá àti ìyá, kí àbúrò bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá àṣọ́bodè. Ẹlòmíì ní ìyá, ìyá náà ń ta ẹ̀kọ, ó sì ní ọmọ márùn-ún. Ẹ béèrè ẹni tó ń bọ́ ọmọ, ẹni tó ń san owó ilé, iye àbúrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹni méjì lọ wo ilé, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin. NPC (àjọ ètò ìkànìyàn) ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ikú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló kú sílé tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́tà baálẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, pẹ̀lú ẹnì kan láti ìdílé bàbá àti ẹnì kan láti ìdílé ìyá, lè dípò rẹ̀.

Ẹ pe ẹbí jókòó kí ẹ tó gba ọmọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá kan wà tí wọ́n ti pín ilé olóògbé tán kí wọ́n tó gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ àjọ. Ẹ bi wọ́n bóyá olóògbé ṣiṣẹ́ ìjọba tàbí iṣẹ́ iléeṣẹ́. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, owó tó wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ tó kú jẹ́ ti àwọn tó fi sílẹ̀. Agbanisíṣẹ́ tí òfin náà dé tún gbọ́dọ̀ ti ṣe ìbánigbófò ẹ̀mí fún un, èyí tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó tó ń gbà lọ́dún. A mọ̀ pé àwọn ọmọ kan ń gba owó iléèwé lọ́wọ́ àlejò nígbà tí owó bàbá wọn wà nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó lọ béèrè rẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ tó ju ti owó lọ ni kí bọ́ọ̀dù bá wọn kọ lẹ́tà yẹn.

Ní ti ọjọ́ orí: òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 àti ti ìpínlẹ̀ Ògùn ti ọdún 2006 pe ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ní ọmọdé. Ẹ má fi ìyẹn ṣe òpin. Ọ̀pọ̀ ṣì wà ní girama tàbí tí wọ́n ń dúró de JAMB ní ọdún 18. Ẹ fi òpin sí ìgbà tí ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ bá parí, tàbí ọdún 25, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Láti ọdún 16 ni kí ẹ ti bá ọmọ jókòó kọ ètò rẹ̀: NIN, ìwé ọjọ́ ìbí, àkáǹtì tirẹ̀, ibi tó máa gbé. Ẹni tó bá wọ iléèwé gíga ìjọba lè béèrè ẹ̀yáwó NELFUND, ti ìjọba àpapọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024, kí ẹ sáà ṣàlàyé fún un pé ẹ̀yáwó ni, wọ́n máa san án padà.

ÌBÉÈRÈ: Àwọn tó ń dáwó níbí fẹ́ máa rí fọ́tò àwọn ọmọ. Ọ̀kan nínú wọn ń bọ̀ nílé ní oṣù kejìlá, ó fẹ́ mú ọmọ méjì lọ jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì. Bọ́ọ̀dù ilé kọ̀ fún wa. Ṣé wọn ò le jù? (Olùdásílẹ̀ àjọ, Manchester)

ÌDÁHÙN: Wọn ò le rárá. Òfin ààbò ìsọfúnni ọdún 2023 ní kí òbí tàbí alágbàtọ́ fọwọ́ sí i kí ẹ tó lo ìsọfúnni ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹ gbé òfin tì ná. Ọmọ iléèwé tí ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook, tí ẹ kọ "òrukàn" sábẹ́ rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní fóònù. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa kí i káàbọ̀ sí kíláàsì. Ẹ ya ọwọ́ tó ń ta àdìrẹ, ẹ ya ẹ̀yìn ẹni tó jókòó nídìí máṣíìnì ìránṣọ. Ẹ yí orúkọ padà, kí báàjì iléèwé má hàn.

Òtẹ́ẹ̀lì kò sí nínú rẹ̀. Kí àlejò pàdé ọ̀dọ́ ní ọ́fíìsì tàbí níbi iṣẹ́, kí alágbàtọ́ àti ọmọ bọ́ọ̀dù kan wà níbẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà fóònù ara wọn, ẹ̀bùn á sì gba ọ́fíìsì kọjá. Ẹ fi òfin yìí ránṣẹ́ sí i kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó má bàa dà bí àbùkù lójú rẹ̀. Ẹni rere kì í bínú sí i.

Ẹ yan ẹnì kan ní bọ́ọ̀dù tí ọmọ lè fẹjọ́ sùn, kí ó má jẹ́ alága tàbí olùdásílẹ̀, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ògiri. Bí ọmọ bá sọ pé wọ́n fọwọ́ kan òun, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ẹ má pe ìpàdé ẹbí láti parí rẹ̀ nílé. Ilé ìwòsàn, ọlọ́pàá àti iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ìgbáyégbádùn ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún náà gbọ́dọ̀ ròyìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ fún Charity Commission. Pé àwọn ará ilé ló ń ṣiṣẹ́ náà kò gbé e kúrò lọ́rùn yín.

ÌBÉÈRÈ: Ìgbà wo là ń fi ìwé ránṣẹ́? (Akọ̀wé, Sápón)

ÌDÁHÙN: Ti CAC, láàárín 30 oṣù kẹfà sí 31 oṣù kejìlá lọ́dọọdún, àfi ọdún tí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Ti England, láàárín oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn tí ọdún ìṣirò yín bá parí. Bí ẹ bá jẹ́ kí ọdún ìṣirò ilé àti ti London jọ parí ní oṣù kejìlá, ìgbà kan náà lẹ máa ṣe ìṣirò méjèèjì.

ÌBÉÈRÈ: Olùdásílẹ̀ wa ti lo ọdún mọ́kànlá, òǹtẹ̀ àti ìwé báńkì wà nílé rẹ̀, kò sì fẹ́ kúrò. (Ọmọ bọ́ọ̀dù kan, Adígbẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ wo ìwé òfin yín ná. Bí ó bá ti sọ iye ọdún, ẹ pe ìpàdé lórí rẹ̀, kí ẹ kọ ìpinnu sílẹ̀ kí iye tó yẹ buwọ́ lù ú, kí ẹ gbé e lọ sí báńkì láti yí àwọn tó ń buwọ́ lùwé padà. Báńkì á gbọ́ tiyín bí ìwé bá pé. Wọn kì í gbọ́ ariwo. Bí ìwé òfin kò bá sọ iye ọdún, ẹ tún un ṣe, ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì tó. Òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé, nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́.

Bí owó bá ti ń sọnù ńkọ́? Abala 839 CAMA wà fún ìwà ìbàjẹ́ àti àìmójútó nǹkan dáadáa. Kóòtù lè dá àwọn trustee dúró bí CAC tàbí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá pẹjọ́. Ẹ fi í ṣe ìkẹyìn. Owó lọ́yà á tó ti owó iléèwé ọmọ mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ fi í jẹ bàbá ìsàlẹ̀, kí ẹ gbà á níyànjú pé ibẹ̀ ló ti lè máa rí ohun tó gbìn. Ọ̀pọ̀ olùdásílẹ̀ ló máa gbà bí wọn kò bá rí i bí ẹ̀tẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Aago wo ló dáa fún ìpàdé, nígbà tí ìdajì bọ́ọ̀dù wà ní London? (Akọ̀wé kan náà, Òkè-Ìlèwó)

ÌDÁHÙN: Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ti wa. Láti ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹwàá, aago kan náà la jọ ń lò; lẹ́yìn ìyẹn, aago wa fi wákàtí kan ṣáájú tiwọn. Ẹ máa kọ "aago Nàìjíríà" sí ìwé ìpè, torí ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ni ìdajì wọn máa ń pẹ́ dé. Ẹ fi ìwé owó ránṣẹ́ sí wọn lọ́sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ sì fi mínítì ránṣẹ́ kí ọjọ́ méje tó pé, nígbà tí kálukú ṣì rántí ohun tó sọ.